Ẹ jẹ́ kí ìpolówó ilẹ̀ máa sọ iye mítà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìpolówó ilẹ̀ tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn yín ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. "Pulọ́ọ̀tì kan, owó pọ́ọ́kú." Pulọ́ọ̀tì wo? Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òró, ìyẹn nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn ń gé ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 465 lọ, pulọ́ọ̀tì náà ni wọ́n sì ń pè é.

Ọ̀rọ̀ éékà ló wá dùn mí jù. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ni éékà kan. Bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ 60 sí 120, òótọ́ ni, ó kàn ṣẹ́ díẹ̀ kù: mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 43,200, éékà sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 66 tí Edmund Gunter gbé jáde ní England ní 1620 ni àwọn awọnlẹ̀ òyìnbó fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ̀wọ̀n kan ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, éékà kan pé. Ìdí nìyẹn tí iye náà kò fi gún régé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra éékà kan lẹ́bàá Ìkòròdú. Ohun tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì rẹ̀ ni "éékà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà." Wọ́n gé mẹ́fà fún un lóòótọ́, àmọ́ 50 sí 100 ni wọ́n gé. Nígbà tí awọnlẹ̀ dé ibẹ̀, mítà onígun mẹ́rin 2,787 ló bá nílẹ̀ dípò 4,047 tó yẹ kí éékà kan jẹ́. Ohun tó dín ju pulọ́ọ̀tì kékeré méjì àtààbọ̀ lọ. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà pé, òun fúnra rẹ̀ ló sì buwọ́ lùwé. Ta ni kó pè lẹ́jọ́?

Ti ìwé ilẹ̀ àtijọ́ tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ló kún inú wọn, àwọn tó ń yí i sí mítà sì máa ń fi 3.28, iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà nínú mítà kan, pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,200 á wá di 2,195, ilẹ̀ á wú lórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ ká pín in, ẹ̀ẹ̀kan fún ìbú, ẹ̀ẹ̀kan fún òró. 669 ló máa kù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní tirẹ̀, hẹ́kítà ló ń kà, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 10,000.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìpolówó ilẹ̀ kankan mọ́ tí kò bá sọ ìbú, òró àti iye mítà onígun mẹ́rin rẹ̀. Kò ní gbà ju ìlà kan lọ. Kí ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà rí i pé iye yẹn wà lórí rìsíìtì, kí awọnlẹ̀ tiyín sì ti wọn ilẹ̀ ọ̀hún kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìkòròdú