Ẹ fi ọgbọ́n òṣómàáló gba owó madójútòfò lọ́wọ́ wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Káfíńtà ni mí, ìtòsí ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà ni ìsọ̀ mi wà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé ìpá kiri. Dókítà ti ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, àmọ́ owó tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san kò sí. Ni mo bá ń mu àgbo, tí mo ń fún ìgbànú mọ́ ọn bí mo bá fẹ́ gbé pákó. Lóru ọjọ́ kan ló yọ tí kò wọlé mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìyàwó mi ti ta ẹ̀rọ ìfági mi ní ọ̀pọ̀ láti fi san owó iṣẹ́ abẹ. Mo yè, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi ń fági títí dòní.

Ọkùnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi, ìpá ló gbé òun náà wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ó ní káàdì madójútòfò ìlera. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí nọ́ọ̀sì tètè bá mi kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ìgbà tí ara bá le ni wọ́n ń ṣe é."

Láti 2005 ni wọ́n ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe é. Òfin 2022 wá ní dandan ni fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ta ni yóò yọ owó madójútòfò tèmi, nígbà tí mi ò gbowó oṣù? Òfin ìlera 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀, kí aráàlú, pàápàá àwọn tí kò rí já jẹ, lè rí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Èmi kò tòṣì tó ìyẹn, mi ò sì lówó tó láti dá gbọ́ bùkátà iṣẹ́ abẹ.

Àjọ madójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba náà lè fi owó ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ariwo ta. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun lò ó, pé sísan owó àìsàn sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ránṣẹ́ pe àìsàn ni. Òmíràn ní bí òun kò bá ṣàìsàn, ta ni yóò dá owó òun padà, pé alájọ òun ṣáà máa ń dá tirẹ̀ padà. Mo ní owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀. Ká ní a ti ń dá a, ẹ̀rọ mi ì bá wà níbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ẹ̀rọ yẹn.

Ohun tó kù tó ń dí wa lọ́wọ́ ni owó ọdún kan, tó ṣòro fún wa láti kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin aláṣẹ madójútòfò, ṣé Ìjẹ̀ṣà la fẹ́ kọ́ ní títà àwìn ni? Àwọn baba wa, àwọn òṣómàáló, gbé aṣọ dé ìlú onílùú, wọ́n ń gbowó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí oníbàárà bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, wọ́n á lóṣòó tì í títí yóò fi san án. Ẹ jẹ́ kí alájọ máa gba owó tiyín mọ́ owó àjọ tí à ń dá lójoojúmọ́, kí ẹgbẹ́ sì dúró fún ọmọ ẹgbẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ rán ẹnì kan wá. Àga ìjókòó kò ní wọ́n yín, àwa la ń kàn án.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Délé, káfíńtà,
Iléṣà.