Àjíkẹ́, gbọ́ tẹnu mi

Ogbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kìíní.

Àjíkẹ́ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ẹ mì? Níbí, ọyẹ́ ni tiwa. Ètè mi ti là bí ilẹ̀ oko.

Ẹgbẹ́ olókùn wa, àwa oní-fayolíìnì àti ṣẹ́lò, tó o ní kò ní pé oṣù mẹ́ta kó tó tú ká, ti ṣeré méjì báyìí! Mọ́kànlá péré ni wá. 'Akinla' la fi kádìí ti àkọ́kọ́, apá tó gbẹ̀yìn nínú African Suite, orin olókùn tí Fela Sowande kọ ní 1944, tó ń rìn bíi hàìláìfù yẹn. Ìyá ẹlẹ́wà kan láti Tákíè bá dìde, ó ń lẹ owó mọ́ ọ̀gá tó ń darí wa níwájú orí. Ọ̀gá ò dáwọ́ dúró, náírà ń já bọ́ sórí ìwé orin.

Ìkejì ló mú wàhálà wá. A bẹ ọmọkùnrin kan pé kó kọ orin tuntun fún wa, olókùn pẹ̀lú gángan. A dáwó, a san ìdajì. Ó kọ ọ́ dáadáa o, àmọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún gángan. Bàbá onígángan ní, "Kí ni kí n wá sọ?" A ní kí wọ́n ṣáà máa lù ú. Lọ́jọ́ eré, a dé ibi tí fayolíìnì ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, làwọn apẹ́lẹ́yìn kan bá wọlé. Gángan ní: "Ẹ tètè jókòó, ilẹ̀ ti ṣú!" Gbogbo ilé hó. Ẹni tó kọ orin nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, kò mú apá kẹta orin náà wá, kì í gbé fóònù, eré tó kàn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójú tèmi, ti Bàbá dùn ju èyí tó kọ lọ, àmọ́ má sọ pé èmi ni mo wí.

Àbúrò mi bímọ, obìnrin. Owó epo ò ṣeé sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ṣẹ́lò rẹ, fayolíìnì ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Màmá, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ló gbé e fún mi o! Òun ni mo fi ṣeré méjèèjì. Gòjé ìyá àgbà làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ọyẹ́ ti wá ṣí ojú ìlẹ̀pọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gùn tó ìka mi, ohùn rẹ̀ ti ń há. Káfíńtà gbé gọ́ọ̀mù funfun dé, mo lé e. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe ló ń fẹ́, èyí tí omi gbígbóná lè tú lọ́jọ́ mìíràn. Jọ̀ọ́, fi díẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde, pẹ̀lú okùn A kan.

Rà á ná kó o tó bú mi.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́