Ẹ má tíì ní ká da oògùn: kí ló pa tòmátò náà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ewé àgbẹ̀ yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó ka ti òṣèlú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ẹni tí tòmátò rẹ̀ bá ń rọ po oògùn olú (èyí tó ń pa ohun bí èbu) mọ́ omi kó sì dà á sídìí igi lẹ́ẹ̀mejì, n kò lè gbà á fún yín. Èmi náà ti ṣe é rí. Owó iléèwé ọmọ ló bá a lọ.

Òkè-Ògùn ni oko mi wà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tòmátò tó ti ń so bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án, á tún jí lálẹ́. Nígbà tó yá, kò jí mọ́. Ẹni tó ń ta oògùn fún wa lọ́jà wo fọ́tò inú fóònù mi fìrí, ó ní olú inú ilẹ̀ ni, ó gbé ìgò méjì lé mi lọ́wọ́. Mo dà á, tòmátò ń kú lọ. Ẹni tí a jọ pààlà oko ní kí n lọ wádìí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ ní yunifásítì ló wá kí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní gíláàsì omi tó mọ́." Ó gé igi tòmátò kan ní ebè ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ odò, ó ki ojú ibi tó gé bọ inú omi. Kò pẹ́ tí ohun funfun bí okùn wàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti inú igi náà. Bakitéríà nìyẹn, Ralstonia lorúkọ rẹ̀, oògùn olú kò sì ràn án rárá. Ó gé òmíràn ní ebè òkè. Omi mọ́ kedere. Nígbà tó wá la igi náà, inú rẹ̀ ti dà bí àwọ̀ kòkó, ewé ẹ̀gbẹ́ kan ti pọ́n, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù. Ó ní èyí jọ iṣẹ́ olú tí wọ́n ń pè ní Fusarium, ìbátan ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Oko kan ṣoṣo, apani méjì, oògùn kan náà ni mo ń dà sí méjèèjì!

Ẹ kíyè sí i pé ó ní "ó jọ". Kò ní "òun ni". Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

Fusarium oxysporum tí àwọn ìwé ń dárúkọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ pín in sí, ohun ọ̀gbìn tí ìkọ̀ọ̀kan ń pa ni wọ́n fi ń pè é. Èyí tó ń pa tòmátò kì í pa ẹ̀wà, ti ẹ̀wà kì í pa ọ̀pẹ. Àìmọye mìíràn wà nínú ilẹ̀ tí kì í pa nǹkan kan, kódà àwọn kan ń dáàbò bo gbòǹgbò. Tí ẹ bá sì kó gbogbo wọn sábẹ́ máíkíróskóòpù, ojú kan náà ni wọ́n ní: èso wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bí dòjé. Ẹni tó bá rí dòjé yẹn kò tíì rí ọ̀daràn.

Orúkọ wọn pàápàá ń tan ni. Àjàyí pọ̀ ní Ìsẹ́yìn, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Bí wọ́n ṣe wáyé ló sọ wọ́n ní Àjàyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olú tó ń pa tòmátò. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, ìyẹn àmì àbínibí inú ara wọn, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Lọ́dún 2010 ni àwọn onímọ̀ kéde pé krómósóòmù (okùn DNA kan nínú ara olú) tó ń gbé agbára àtipa tòmátò lè kúrò lára olú kan bọ́ sára òmíràn. Wọ́n fi apani àti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ sójú kan, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ gba krómósóòmù náà, òun náà di apani. Nítorí náà, àyẹ̀wò tó bá wo ìran nìkan kò tó. Àfi kó tún wá àwọn jíìnì (àṣẹ inú DNA) tí olú fi ń ṣiṣẹ́ ibi, èyí tí wọ́n ń pè ní SIX.

Kí ni èyí kan àgbẹ̀? Ó kan irúgbìn tó fẹ́ rà. Ẹ̀yà mẹ́ta ni olú tòmátò yìí ní, irúgbìn tó bá lè kojú ẹ̀yà kìíní lè má lè kojú ẹ̀kẹta. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí irúgbìn òkè òkun, "Fol" (ìkékúrú orúkọ olú tòmátò yìí) pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yà tó lè kojú. (F1 tí ẹ ń rí níbẹ̀ kò bá a tan o, àkọ́bí àdàlù irúgbìn méjì ló túmọ̀ sí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà pé F1 ni kì í jẹ́ kí tòmátò rọ.) Oògùn kò sì lè wo igi tí olú ti wọ inú rẹ̀ sàn, bẹ́ẹ̀ ni olú yìí lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti kọ́gbọ́n yìí tẹ̀kún-tẹ̀kún. Ẹ̀yà kan lára olú Fusarium tó ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló lé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gros Michel kúrò lọ́jà àgbáyé, tí irú mìíràn, Cavendish, fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn, TR4, ló wá ń pa Cavendish báyìí, ó sì ti dé ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n rí i ní Mòsáńbíìkì lọ́dún 2013. Àgbẹ̀ kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ ẹ̀yà olú méjèèjì, àyẹ̀wò DNA ló ń yà wọ́n.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ti wà n'Ìbàdàn láti 1967, NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso ti ìjọba àpapọ̀, láti 1975. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ fún kò ju kí wọ́n yan ẹnì kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gba igi tòmátò lọ́wọ́ wa, kí iye owó àyẹ̀wò wà lára ògiri, kí èsì dé sórí fóònù kí òjò tó padà. Inú ìwé ni kí a máa wé e sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí yóò jẹrà (ìwé ìròyìn yín dára fún un). Mo gbé tèmi lọ sí ọ́fíìsì kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kẹta, ojú fèrèsé tí mo fi sí náà ló ti bà jẹ́.

Àgbàdo ló wà lórí ebè méjèèjì báyìí. Ṣùgbọ́n mo sá igi tòmátò méjì láti ebè òkè, mo wé wọn sínú ìwé, wọ́n wà nínú yàrá mi. Ẹ bá mi bi akọ̀wé ojú ewé àgbẹ̀ yín ibi tí mo lè gbé wọn lọ.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ olóko tòmátò kan,
Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́