Ẹ bi aláìsàn léèrè kí ẹ tó kọ oògùn fún un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwòsàn wa ní Abẹ́òkúta ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Tí wọ́n bá ń tún ètò ìlera ṣe, ilé tuntun àti ẹ̀rọ tuntun la sábà máa ń gbọ́. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ yàrá dókítà, ta ló ń bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ ń rí?

Mo mọ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Ìyá kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà, torí ilé ìtọ̀ jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wo ọjà. Nígbà tó padà lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ru. Wọ́n bá a wí, wọ́n tún fi oògùn mìíràn kún un. Ká ní ẹnì kan bi í pé, "Màmá, kí ló ń dí yín lọ́wọ́ láti lò ó?", dókítà ì bá yí àkókò tó ń lò ó padà, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alátọ̀gbẹ. Ẹ ní kí ọmọ Ẹ̀gbá má fẹnu kan láfún mọ́ láé: á ní òun ti gbọ́, á délé, á jẹ ẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìwọ̀n òkèlè àti irú ọbẹ̀ tí yóò fi jẹ ẹ́, ẹ sì pe ẹni tó ń se é síbẹ̀.

Òfin kúkú wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé ipò tí ara aláìsàn wà fún un, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, tó bá ṣeé ṣe. Ní Abẹ́òkúta níbí, kí ni kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe? Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n bo àṣírí aláìsàn. Síbẹ̀, níbi kan tí mo ti gba ìtọ́jú, ariwo ni wọ́n fi ń pè wá láàárín èrò: "Ẹ̀yin oníṣúgà, ẹ bọ́ síbí!" Ó dùn mí wọra.

Ìlú yìí ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro. Kò ti àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ mọ́lé. Abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ẹbí wọn tó ń dáná fún wọn tó sì ń fọṣọ wọn. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sáàárín àwọn ará abúlé. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí òye ohun tí aláìsàn gbà gbọ́ nípa àìsàn rẹ̀ lè yé e. Ọkùnrin yìí di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọdún 2016 ni ìpàdé àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èèyàn ni kí ètò ìlera gbájú mọ́, kì í ṣe àìsàn nìkan.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì àti dókítà wa kò tó, ọ̀pọ̀ ti jápa, iṣẹ́ sì ti wọ àwọn tó kù lọ́rùn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí klíníìkì tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì máa ń dá orin, á sì dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n lo ìlàjì àkókò yẹn láti gbọ́ tẹnu wa. Kí àyè wà nínú káàdì fún ohun tí aláìsàn ní ó ń dààmú òun jù. Kí wọ́n sì yéé bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òbí tó ń ṣàìsàn kò sí níjòókòó.

Mo ń rọ iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá sì ń yan ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi àwọn tó ń lo oògùn wọ̀nyí sí i, kí wọ́n sì ṣe ìpàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.