Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí èbúté àtijọ́ ní Arò

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ọ̀gá wa. Àwa apẹja odò Ògùn àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja Láfẹ́nwá la kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí odò ní Arò la bá wá. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn kan ti ń ri òpó, tí wọ́n ń kó búlọ́ọ̀kù jọ síbi tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí a fi ń sọ̀kalẹ̀ sódò kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ mọ́.

Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, Arò ni èbúté Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di epo pupa àti òwú sínú ọkọ̀, tí àwọn atukọ̀ á sì wà á lọ sí Èkó; ibẹ̀ náà ni iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí G. W. Johnson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tó padà wálé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní 1865, owó ibodè lórí ẹrù wà lára ohun tí wọ́n fi gbọ́ bùkátà ìlú. Ní 1901, rélùwéè gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn. Ẹrù bá rélùwéè lọ, àwa apẹja la ṣẹ́kù sí èbúté.

Ìdí tí a kò fi lè kó lọ síbòmíràn nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọnú odò Ògùn, òjò nìkan kọ́ ló ń mú odò yìí kún mọ́. Bí wọ́n bá tú omi dáàmù sílẹ̀ nígbà òjò, odò lè gòkè lóru, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti dé ìdí ọkọ̀. Àfi ká ríbi gíga wọ́ ọkọ̀ sí, ká tètè kó ìgèrè àti àwọ̀n kúrò. Ibi gíga náà gan-an ni wọ́n ń ri òpó sí. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ wa mẹ́ta bá omi lọ. Opó kan ló ni ọ̀kan nínú wọn, òun ló sì fi ń tọ́ ọmọ. Ó ṣì ń dùn wá.

A kò bínú sí òkú Èkó, ìyẹn ẹja inú yìnyín, àwọn ìyá wa náà ń tà á. Ọkọ̀ ńlá ló ń fi àwọ̀n wọ́ ẹja bẹ́ẹ̀ jáde nínú òkun. Síbẹ̀, òfin ẹja òkun ti 1992 kò gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá láyè láti pẹja láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, kí ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí ti ẹ̀ jẹ. Bí ìjọba bá lè ya omi òkun sọ́tọ̀ fún àwọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa létí odò.

Ẹ bá wa dá ilé kíkọ́ náà dúró ná. Ẹ rán àwọn awọnlẹ̀ wá, kí wọ́n wọn èbúté náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ti gbogbo ìlú ni. Pátákó kan tó sọ ìtàn ibẹ̀ yóò dùn mọ́ wa nínú; àwọn bàbá tó mọ ìtàn náà ṣì wà láàyè, wọ́n ti ṣe tán láti sọ ọ́. Àwa fúnra wa yóò máa gbá etí odò, a ó sì máa ro ó.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, kí ẹ wá ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ látojú omi. A ó wà níbẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága ẹgbẹ́ apẹja
Akọ̀wé
Ìyálọ́jà ẹlẹ́ja