Goy kì í ṣe ẹranko, ẹ yé pín irọ́ yẹn kiri

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí gan-an, wọ́n ń pín in láti gúrúùpù WhatsApp kan sí òmíì pé "goy" táwọn Júù ń pe àwa tí kì í ṣe Júù, màlúù ló túmọ̀ sí. Irọ́ gbáà ni. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 12:2, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Ábúráhámù pé òun á sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè ńlá, goy gan-an ló wà níbẹ̀ lédè Hébérù, òun náà ló sì wà ní Ẹ́kísódù 19:6 tí wọ́n ti pe Ísírẹ́lì fúnra ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mímọ́. Ṣé màlúù mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn ni?

Nígbà tó yá, láyé àwọn rábì, wọ́n wá ń fi pe ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe Júù. Ohùn tèèyàn fi sọ ọ́ ló kù, ẹlòmíì á sọ ọ́ láìní èrò burúkú kankan, ẹlòmíì á fi bú èèyàn, bíi "goyishe kop" lédè Yiddish, èdè àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹn orí góì, ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Shabbos goy wà níbẹ̀ náà, aládùúgbò tó máa ń bá wọn tan iná lọ́jọ́ Sábáàtì torí òfin wọn ò gbà wọ́n láyè, Colin Powell tó di ọ̀gá àgbà ológun Amẹ́ríkà ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé ní Bronx, ní New York.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀ ló dáa o. Shiksa tí wọ́n ń pe obìnrin tí kì í ṣe Júù, èébú ni, inú ọ̀rọ̀ tí Léfítíkù 11 fi pe ohun inú omi tí ò ní lẹbẹ àti ìpẹ́ ní ìríra ló ti jáde, irú bí ẹja àrọ̀ tiwa, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni máa fi pe ọmọ ọlọ́mọ.

Èyí tó kàn wá jù ni Kèfèrí inú Bíbélì Yorùbá. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá, kafir, aláìgbàgbọ́, wọ́n wá fi sí ibi púpọ̀ tí Gíríìkì ti sọ "àwọn orílẹ̀-èdè" lásán. Ẹ wo Kọ̀nílíù ní Ìṣe 10, ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń ṣàánú, ó ń gbàdúrà nígbà gbogbo, síbẹ̀ Kèfèrí là ń pè é, ọmọdé tó bá kà á á rò pé abọ̀rìṣà ni. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa ṣàlàyé ibẹ̀ yékéyéké.

Ẹni tí wọ́n bá sì ti fi ọ̀rọ̀ màlúù yẹn ránṣẹ́ sí, kó pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀, torí àwọn tó kórìíra Júù ló ń gbé e kiri.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn