Lọ́fínńdà Káktọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Kí Á Sọ Òótọ́ fún Oníbàárà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ta lọ́fínńdà olóróró ní Àbújá sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá gbé ìgò tí wọ́n kọ káktọ́ọ̀sì sí lára yẹ̀ wò, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé láti ara igi inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti fà á jáde, pé kò ní kẹ́míkà kankan, pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àti pé ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ara káktọ́ọ̀sì kò ní òróró olóòórùn tí a lè fà jáde bí a ti ń fa ti ewé tíì. Àpòpọ̀ àwọn kẹ́míkà olóòórùn ni ohun tí ó wà nínú ìgò: cis-3-hexenol tí ń rùn bíi koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, Calone tí ilé iṣẹ́ Pfizer ṣàwárí ní 1966 tí ń mú òórùn òkun àti wọtamẹ́lọ̀n wá, àti àwọn mìíràn tí ń rùn bíi kùkúḿbà. Kò sí àbùkù nínú èyí. Òdòdó tí àwọn Faransé ń pè ní muguet náà kì í jẹ́ kí a rí òróró fà lára òun, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ pò ni ó sọ Diorissimo, lọ́fínńdà ilé iṣẹ́ Dior ti 1956, di olókìkí.

Lóòótọ́, òdòdó àwọn káktọ́ọ̀sì kan ń ta sánsán, pàápàá Selenicereus grandiflorus, tí ó ń tanná ní òru kan ṣoṣo, tí yóò sì ti rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn onímọ̀ lè fi ìgò bo irú òdòdó bẹ́ẹ̀ láìjá a, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n yẹ ohun tí ó wà níbẹ̀ wò, kí wọ́n sì wá po irú òórùn náà. Roman Kaiser, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, wà lára àwọn tí ó mú ọ̀nà yìí gbilẹ̀. Ní ti òróró hóró èso Opuntia, irú káktọ́ọ̀sì kan, tí wọ́n ń ṣe ní Morocco, tí ó wọ́n bí ojú, ìpara ni, kì í ṣe lọ́fínńdà.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an ni àwọn tí ń béèrè bóyá àwọn lè po oje igi oró tí àwọn Hausa ń pè ní tinya mọ́ lọ́fínńdà. Ẹ má dán an wò! Oró kì í ṣe káktọ́ọ̀sì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo káktọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀ wá. Ìdílé Euphorbia ni oró ní tirẹ̀, oje funfun rẹ̀ a máa jó ara, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè ba ojú jẹ́. Pé nǹkan ti ara igi wá kò sọ ọ́ di aláìléwu: òróró tí a fún lára èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá lè jẹ́ kí oòrùn Àbújá yìí sun awọ ẹni tí ó bá fi para jáde.

Èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé àpòpọ̀ ni, iye kan náà ni mo sì ń ta á pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n ṣì ń rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apolọ́fínńdà kan, Kubwa, Àbújá